Ìgbẹ́ Gbuuru, Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbẹ́ àti Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí là ń pè ní ìgbẹ́ gbuuru gan-an?

Bí èèyàn bá yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, ìgbẹ́ gbuuru nìyẹn. Ọmọ tó ń mu ọyàn nìkan yàtọ̀ díẹ̀: ó lè yàgbẹ́ rírọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ kí ara rẹ̀ sì le koko. Ìyípadà ni kí ẹ máa wò lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ṣàdédé di omi tàbí tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iye ọjọ́ tó ti wà lára ṣe pàtàkì. Èyí tí kò tíì pé ọjọ́ 14, kòkòrò àrùn ló sábà máa ń fà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kọjá ọjọ́ 14 ń fẹ́ àyẹ̀wò. Èyí tó bá wọ ọ̀sẹ̀ karùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ àná mọ́.

Kí ló ń fà á?

Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé kò sì ju kan lọ: ìgbẹ́ èèyàn tàbí ti ẹranko ló dé ẹnu èèyàn, yálà nípasẹ̀ omi, ọwọ́, eṣinṣin tàbí oúnjẹ tí wọn kò sè jinná.

Fáírọ́ọ̀sì ló wọ́pọ̀ jù. Rotavirus ló ń dá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 dùbúlẹ̀ jù lọ. Norovirus kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà. Ẹnìkan lè kó o ran gbogbo ilé láàárín ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn wọn ni bakitéríà: àwọn oríṣi E. coli kan, Salmonella, Campylobacter, Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, àti Vibrio cholerae tó ń fa onígbáméjì. Ẹ̀yà kẹta ni àwọn bí amoeba àti Giardia, tí wọ́n lè pẹ́ nínú ìfun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Àjẹsára rotavirus wà. Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni Nàìjíríà fi í kún àjẹsára tí àwọn ọmọdé ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 sì ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá tó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó béèrè bóyá wọ́n ti kán an sí ọmọ lẹ́nu kó tó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ mi ń hu eyín. Ṣé eyín ló fa ìgbẹ́ yìí?

Rárá. Ọmọ oṣù 6 tó ń hu eyín yìí náà ló ń rá kiri, tó ń kó ohunkóhun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní ògì àti omi. Agbára àtigbógun ti àrùn tó gbà lára ìyá rẹ̀ náà sì ti ń dínkù. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń bọ́ sí àsìkò kan náà. Ìyá tó bá gbà pé eyín ni yóò máa dúró kí eyín yọ, omi ara ọmọ á sì máa tán lọ.

Báwo ni mo ṣe máa po ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fi omi pò fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí n kò bá sì rí i rà ńkọ́?

Ẹ wo ara ọ̀rá rẹ̀, ẹ ó rí iye omi tó fẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ lítà 1, ìyẹn pure water 50cl méjì. Gbogbo ìyẹ̀fun inú ọ̀rá náà ni kí ẹ dà sí omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bù ú sí méjì nítorí kó lè pẹ́, ẹ má sì fi mílíìkì tàbí mínírà pò ó.

Bí kò bá sí, ẹ wá omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ṣíbí náà kò gbọ́dọ̀ kún ga: ẹ bu ú, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí iyọ̀ àpọ̀jù lè ṣe ọmọ léṣe ju ìgbẹ́ náà lọ. Ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó mu ún. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù kí ẹ po òmíràn. Èyí tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù pẹ̀lú.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu 50 sí 100 ml lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 2 sí 10 á mu 100 sí 200 ml. Àgbà á mu bó bá ti lè mu tó. Bí ọmọ bá bì í, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń pa ORS tì nítorí pé ìgbẹ́ kò dá. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti dá ìgbẹ́ dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi àti iyọ̀ tó ń jáde padà sára, kí ẹ̀mí má bàa bá wọn lọ. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń fa iyọ̀ gba inú ìfun wọ ara, omi á sì tẹ̀lé e, kódà bí onígbáméjì bá ń jà. Fún ọmọdé, ẹ fi zinc kún un: 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí 10 mg bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6.

Ṣé kí n gba ọyàn àti oúnjẹ lẹ́nu ọmọ kí ikùn rẹ̀ lè sinmi?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kó máa mu ọyàn lemọ́lemọ́. Ọmọ tó ti ń jẹun, kó máa jẹ ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹyin àti ohun tó bá ti mọ́ ọn lára, díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ebi kì í wo ìfun sàn.

Flagyl ni gbogbo ilé wa ń lò bí ikùn bá ti ń ṣàn. Ṣé ó dára?

Flagyl, tí orúkọ oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ metronidazole, ń pa amoeba àti Giardia. Kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkankan, kì í sì í ṣe oògùn onígbáméjì tàbí Shigella. Nígbà tí ìgbẹ́ olómi bá dá lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí a ti ń lo Flagyl, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọjọ́ àrùn náà ló pé.

Àǹtíbáyótíìkì tí a ń rà ní kẹ́míìsì láìsí àyẹ̀wò lè dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun, kòkòrò kan tó ń jẹ́ C. difficile á sì rí àyè gbilẹ̀, pàápàá lára àwọn àgbàlagbà. Bí ìgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, bíi loperamide, kò dára fún ọmọdé. Àgbà tí ara rẹ̀ ń gbóná tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó pẹ̀lú, nítorí ó ń sé kòkòrò mọ́nú.

Kí ló mú onígbáméjì yàtọ̀?

Bó ṣe ń yára pani ni. Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ó sì pọ̀ débi pé ẹni tó le koko láàárọ̀ lè má lè dìde nírọ̀lẹ́. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí èèyàn bá gbé kòkòrò náà mì ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ó jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì tọ́ka sí ohun mímu òfìo tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí nọ́ńbà NAFDAC lára. Omi tí wọ́n fi pò ó àti yìnyín tí wọ́n jù sínú rẹ̀ ni kí ẹ máa bi ara yín léèrè kí ẹ tó ra irú rẹ̀ lójú títì. Omi tí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e kaná kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.

ORS ni ìtọ́jú rẹ̀ pàtàkì. Ẹni tí kò bá lè mu mọ́ gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n á ti fa omi sí i lára. Ẹ máa fún un ní ORS lójú ọ̀nà bí ẹ ṣe ń gbé e lọ.

Ìgbà wo ni kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn?

Lọ́jọ́ náà gan-an, bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tó ń sunkún tí omi ò jáde lójú rẹ̀, tí ibi rírọ̀ tó wà láàárín orí rẹ̀ jìn, tí kò tọ̀ fún bíi wákàtí 6, tàbí tí ẹ bá fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀ tí awọ náà ń lọ́ra padà sípò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọ bá ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu. Àgbà tí òòyì ń kọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tí kò tọ̀ mọ́, kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wà lára àwọn àmì yìí, lọ́mọdé lágbà.

Ẹ̀jẹ̀ àti ikun wà nínú ìgbẹ́ mi. Ṣé ìgbẹ́ ọ̀rìn ni?

Bó bá dé lójijì, tí ara ń gbóná, tí inú ń lọ́, tí ẹ ń lọ ṣáá tó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn. Shigella ló sábà máa ń fà á. Amoeba náà máa ń fà á, ṣùgbọ́n tirẹ̀ lè máa rọra wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ni yóò fi wọ́n hàn, oògùn wọn kò sì jọra.

Bí ẹ bá ti parí oògùn tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde, ẹ má gba oògùn kan náà nígbà kejì. Amoeba lè hù bíi kókó sí ara ìfun títí tó fi jọ jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ náà sì lè máa ṣe bí amoeba. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ inú ìfun wò, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣé ìgbẹ́ gbuuru lè di jẹjẹrẹ?

Èyí tí kòkòrò fà tó sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kì í di jẹjẹrẹ. Àmọ́ àìsàn ulcerative colitis, tí ìfun ńlá fi ń wú tó sì ń ní egbò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ń fi kún ewu rẹ̀. Ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò lóòrèkóòrè.

Báwo ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí sì ni àmì rẹ̀?

Kókó kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ hù sí ara ìfun nínú. Pólípù ni wọ́n ń pè é. Kì í dunni, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n èyí tó máa dì í sábà máa ń gba bí ọdún 10. Ìyẹn ni àǹfààní ńlá tí a ní lórí àrùn yìí: wọ́n lè rí kókó náà kí wọ́n sì gé e kúrò kó tó bàjẹ́ rárá.

Níbẹ̀rẹ̀, ó lè má ní àmì kankan. Bó bá wà lápá òsì ìfun tàbí nítòsí ihò ìdí, ẹ̀jẹ̀ lè máa bá ìgbẹ́ jáde, ìgbẹ́ lè di tẹ́ẹ́rẹ́, kó máa le lónìí kó máa ṣàn lọ́la, tàbí kó dà bíi pé ìgbẹ́ ṣì kù nínú lẹ́yìn tí ẹ ti yà á tán. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ń jò tí ojú kò rí, àárẹ̀ àti òòyì nìkan ni ẹni náà á máa sọ. Kí ara máa rù láìnídìí wà lára àmì pẹ̀lú.

Mo ti mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni mo ní, àgbo sì ń bá mi dá a dúró. Kí ni mo tún ń ṣe àyẹ̀wò fún?

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ń bẹ lójú ewé yìí, èyí ló ń dùn mí jù. Ẹ̀jẹ̀ páìlì, tí ẹ̀ ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, àti ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ kò ṣeé fi ojú yà sọ́tọ̀. Méjèèjì lè pupa yòò, méjèèjì lè kán sínú ṣáláńgá, méjèèjì sì lè dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tún padà. Ẹni tó mu àgbo jẹ̀dí tí ẹ̀jẹ̀ sì dá á gbà pé àgbo ló ṣe é. Jẹjẹrẹ náà a máa dákẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mu nǹkankan.

Páìlì wọ́pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ní páìlì lójú ihò ìdí kó tún ní jẹjẹrẹ ní ìwọ̀n ìka díẹ̀ lókè rẹ̀. Kí dókítà rí páìlì kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ parí, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní ọdún 45.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ti ń bá àwọn ti Memorial Sloan Kettering, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ní New York, ṣe ìwádìí lórí àrùn yìí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tó ti pẹ́ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ tí èyí ń ṣe pọ̀. Nínú ìṣirò Amẹ́ríkà, nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tí wọ́n rí tiwọn nígbà tí kò tíì kúrò nínú ìfun ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Bó bá ti ràn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, wọn kò pé 2 nínú 10.

Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ tún ní ẹjọ́ tirẹ̀: ọtí fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ẹran pupa àpọ̀jù, ẹran inú agolo, sìgá, sísanra jù àti àìrìn náà wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò bí kò bá ní àmì kankan?

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 50 ni tẹ́lẹ̀. Ní 2021 wọ́n sọ ọ́ di 45, nítorí pé àrùn náà ti ń mú àwọn tó kéré. Ó ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ, ó sì ń pa wọ́n jù. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù, kò tilẹ̀ pé 45: ọdún 2016 ni wọ́n rí i lára rẹ̀, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 lẹ́ni ọdún 43. Ní England, wọ́n ń fi ohun èlò àyẹ̀wò ìgbẹ́ ránṣẹ́ sílé àwọn tó wà láàárín ọdún 50 sí 74, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì-méjì. Ẹ̀yin ará wa tó wà níbẹ̀, ẹ má jù ú sí kọ̀rọ̀.

Ní Nàìjíríà kò sí ẹni tó máa fi lẹ́tà pè yín. Fúnra yín lẹ máa béèrè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń jẹ́ FIT?

Ẹ tẹ́ bébà tàbí ọ̀rá mímọ́ gba ìgbẹ́ kó má kan omi. Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà lára ìdérí ìgò kékeré tí wọ́n fún yín. Ẹ fi ha ojú ìgbẹ́ náà níbi púpọ̀ títí á fi mú díẹ̀, kí ẹ dá a padà sínú ìgò, kí ẹ dé e pa, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì tètè fi ránṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí ojú kò lè rí ló ń wá, nítorí náà ẹran tí ẹ jẹ lánàá kò ní ṣì í lọ́nà.

Ẹ má ṣe é nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ yín lẹ́nu tàbí nígbà nǹkan oṣù. Ẹ jẹ́ kó kọjá ná.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wà nínú FIT mi. Ṣé mo ti ní jẹjẹrẹ nìyẹn?

Ọ̀pọ̀ tó bá jáde bẹ́ẹ̀ kì í ní jẹjẹrẹ. Ó lè jẹ́ páìlì, pólípù tàbí egbò. Ṣùgbọ́n colonoscopy, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá, di dandan. Títún FIT ṣe nígbà kejì kí ó lè jáde dáadáa kò wúlò.

Ẹni tí tirẹ̀ jáde dáadáa àmọ́ tó ń fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá dókítà bákan náà. Pólípù kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú colonoscopy?

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rọ̀, tó ní kámẹ́rà àti iná lórí, ni wọ́n ń gba ihò ìdí fi wọ inú ìfun ńlá. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ló le jù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, omi tó mọ́ gaara nìkan lẹ ó máa mu, pẹ̀lú oògùn tí yóò fọ ìfun títí ohun tó ń jáde á fi dà bí ìtọ̀. Ẹ má yọ nínú rẹ̀: ìgbẹ́ tó bá kù lè bo pólípù mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń fúnni lóògùn tó ń múni tòògbé. Bí wọ́n bá rí pólípù, wọ́n lè gé e lójú ẹsẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tí kò sì sí nǹkankan nínú ìdílé, ọdún 10 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ tó tún wá.

Ó ní ewu kékeré: ó lè fa ẹ̀jẹ̀, ó sì lè lu ìfun, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Bàbá mi ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ṣé kí n dúró di ọdún 45?

Ẹ má dúró. Bí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní in, ọdún 40 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, tàbí ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ẹni náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Bí bàbá bá jẹ́ ẹni ọdún 46 nígbà náà, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ní 36. Àwọn ìdílé kan wà tó ní Lynch syndrome, tí jẹjẹrẹ ìfun àti ti ilé ọmọ fi ń ran ìran wọn. Tiwọn tún ń tètè bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé pé kí ló pa bàbá àgbà gan-an.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, wọ́n sì fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ṣé ó tán síbẹ̀?

Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tí nǹkan oṣù ti dá, tó sì jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù ló dínkù lára yín, kò tíì tán. Ẹ̀jẹ̀ náà ń gba ibì kan jáde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ibẹ̀, ìfun ńlá pẹ̀lú.

Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CEA kò tó?

Kò tó. CEA, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ lè mú kó ga, wúlò láti máa fi tọ ipasẹ̀ àrùn náà lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ lè ní CEA tó dára, ẹni tó ń mu sìgá sì lè ní èyí tó ga láìní in.

Ojú ń tì mí láti jẹ́ kí dókítà wo ìdí mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kó jẹ́ obìnrin ló máa wo obìnrin, tàbí kí ẹnìkan dúró tì yín. Ìka kan nínú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi òróró pa ni, kì í sì í pé ìṣẹ́jú kan. Jẹjẹrẹ tó bá wà nítòsí ihò ìdí, ìka yẹn lè kàn án.

Ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀ tó ti ń ṣe yín, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, bóyá ó pò mọ́ ìgbẹ́ tàbí ó ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́, bóyá aṣọ ti ń tóbi jù fún yín, ẹni tó ní irú rẹ̀ nínú ìdílé, àti gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ti lò, láìfi ọ̀kan pamọ́. Bí wọ́n bá kọ oògùn páìlì fún yín láìwo ìdí yín rárá, ẹ ní kí wọ́n wò ó kí ẹ tó dìde.